Ẹ̀mí Púpọ̀, Olùdámọ̀ràn Kò Sí: Àtúnkà The Warlock of Firetop Mountain ní Ìlànà Èrò Yorùbá

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àtúnkà The Warlock of Firetop Mountain, ìwé-ayò tí Steve Jackson àti Ian Livingstone kọ, tí Puffin sì tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1982. Ìbéèrè wa ni pé: nígbà tí ìwé bá ní kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ yan ọ̀nà tí yóò gbà, ibo ni òǹkàwé náà ti ń rí ìmọ̀ tí yóò fi yàn? A fi èrò Yorùbá nípa orí àti ìlànà Ifá dídá yẹ ìwé náà wò. Èrò wa ni pé ìwé-ayò fún ènìyàn ní ẹ̀mí púpọ̀ láìfún un ní olùdámọ̀ràn, nígbà tí Ifá gbà pé ẹ̀mí kan ṣoṣo ni ènìyàn ní, tí ó sì kó ìrírí àwọn aṣáájú jọ láti gbà á nímọ̀ràn. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju ìjọra òǹkà tí àwọn kan máa ń tẹnu mọ́ lọ.

1. Ìfáárà

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ ka The Warlock of Firetop Mountain. Ẹ̀dà tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ṣùgbọ́n ibi tí ìlò ti hàn jù lára rẹ̀ ni ojú ewé kan níbẹ̀rẹ̀, níbi tí a ń kọ òǹkà agbára akọni sí. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ òǹkà síbẹ̀, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n kọ òmíràn, wọ́n tún pa á rẹ́, títí ewé náà fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Òǹkà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pa rẹ́ níbẹ̀ dúró fún akọni kan tó wọ inú òkè náà tí kò padà wá. N kò ro èyí nígbà náà. Èmi náà mú rọ́bà, mo pa ti ẹni tó ṣáájú mi rẹ́, mo sì kọ tèmi.

Ohun tí mo rántí nípa ìwé náà títí mo fi dàgbà ni òmìnira. Gbogbo ìwé yòókù tí mo kà ni wọ́n ti parí ìtàn wọn kí n tó ṣí wọn; èyí nìkan ni mo gbà pé ọwọ́ mi ni ìparí rẹ̀ wà. Nígbà tí mo tún un kà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń bá lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá ṣiṣẹ́, mo rí i pé ìrántí mi kò tọ̀nà tán. Yíyàn inú ìwé náà kéré ju bí mo ti rò lọ. Síbẹ̀, ó gbé ìbéèrè kan dìde tí ó jinlẹ̀ ju yíyàn lọ, ìyẹn ìbéèrè nípa ìmọ̀ tí ẹni tó dúró ní oríta fi ń yàn.

A kò sọ níbí pé àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ yá nǹkan kan lọ́wọ́ Ifá. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà. Ohun tí a ṣe ni pé a gbé ọ̀nà méjì tí ènìyàn ti gbà kojú oríta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a lè rí ohun tí ìkínní fi sílẹ̀ tí èkejì dì mú.

2. Bí ìwé náà ṣe wáyé àti bí a ṣe ń ta á

Ní ọdún 1975 ni Steve Jackson, Ian Livingstone àti John Peake dá Games Workshop sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Lára ohun tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Dungeons & Dragons, ayò kan tó ti Amẹ́ríkà wá, tó sì kọ́kọ́ jáde ní 1974. Àwùjọ ni ó ń ta ayò yẹn. Ẹnì kan láàárín wọn ni asọ̀tàn: òun ló mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun ni àwọn yòókù ń bi léèrè, òun náà ló sì ń dá wọn lóhùn. Ní Amẹ́ríkà kan náà, àwọn ìwé kan ti wà tí òǹkàwé ti ń yan ọ̀nà nínú wọn. Edward Packard kọ Sugarcane Island tó jáde ní 1976; òun náà ló kọ The Cave of Time, èyí tí Bantam fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ Choose Your Own Adventure ní 1979. Kò sí dáìsì nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn.

Jackson àti Livingstone pa méjèèjì pọ̀. Wọ́n mú ẹ̀ka ọ̀nà inú ìwé, wọ́n mú dáìsì inú ayò, wọ́n sì ṣe é kí ọmọ kan lè dá ta á nínú yàrá rẹ̀. Livingstone kọ apá àkọ́kọ́ títí dé etí odò tó ń ṣàn nínú òkè náà, Jackson sì kọ ìyókù. Russ Nicholson ló ya àwọn àwòrán inú rẹ̀. Láti ara ìwé kan yìí ni ọ̀wọ́ Fighting Fantasy ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé 59 ni Puffin tẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó dáwọ́ dúró ní 1995. Kí a kíyè sí ohun kan níbí, nítorí a ó padà sí i: nígbà tí ayò àwùjọ di ìwé ọmọ kan ṣoṣo, asọ̀tàn tí a lè bi léèrè ni ó sọnù.

Mo pe irú ìwé yìí ní ìwé-ayò. Bí a bá pè é ní ìwé eré, òǹkàwé yóò rò pé eré-oníṣe ni. Ayò ni Yorùbá ń ta, ayò sì ní òfin, ó ní alátakò, ó ní ọ̀ta àti òpè. Gbogbo èyí ni a bá nínú ìwé náà.

Ìpínrọ̀ 400 ló wà nínú rẹ̀, òǹkà sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kì í kà wọ́n tẹ̀ léra. Ní ìpínrọ̀ kìn-ín-ní, akọni dé ẹnu ihò òkè, ó wọ inú òkùnkùn, ó sì kan oríta. Bí ó bá fẹ́ yà sí ìwọ̀-oòrùn, kí ó ṣí ìpínrọ̀ 71. Bí ó bá fẹ́ yà sí ìlà-oòrùn, kí ó ṣí 278. Láti oríta dé oríta ni ìtàn náà ń lọ. Idà, asà, ẹ̀wù awọ, àtùpà, oúnjẹ ìgbà mẹ́wàá àti ìgò oògùn kan ni akọni mú dání. Ìṣúra ni ó ń wá, ìṣúra Zagor, oṣó tó ń gbé inú òkè náà.

3. Orí tí a gbà kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀

Kí òǹkàwé tó ka ìpínrọ̀ kìn-ín-ní, ìwé náà ní kí ó mú dáìsì, kóró olójú mẹ́fà tí àwọn ọmọ wa ń jù nínú lúdò. Yóò ju ẹyọ kan, yóò fi 6 kún ohun tó bá yọ: ìyẹn ni ìmọ̀ ìjà rẹ̀. Yóò ju méjì, yóò fi 12 kún un: ìyẹn ni okun rẹ̀. Yóò tún ju ẹyọ kan, yóò fi 6 kún un: ìyẹn ni oríire rẹ̀. Akọni kan lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ ìjà 7 àti okun 14, kí akọni mìíràn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 12 àti 24. Nígbà ìjà, akọni àti ọ̀tá rẹ̀ ni a ń ju dáìsì méjì méjì fún, a ó fi ìmọ̀ ìjà oníkálukú kún un, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré ni yóò pàdánù 2 nínú okun rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ìṣirò díẹ̀ yóò rí i pé ó ṣòro gan-an kí olórí 7 borí olórí 12. Wọn kò tíì gbé ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ti wà lórí wọn.

Kò sí bí ọmọ Yorùbá yóò ṣe ka èyí tí àkúnlẹ̀yàn kò ní wá sí i lọ́kàn. Nínú Ògúndá Méjì, gẹ́gẹ́ bí Wándé Abímbọ́lá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sí ayé, wọ́n sì ní láti lọ yan orí nílé Àjàlá amọrí: Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Àfùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Orí tó kún ilé Àjàlá pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì jinná. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ti sán. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì mú èyí tó wù wọ́n, òjò pa á lọ́nà, orí náà sì bàjẹ́. Àfùwàpẹ́ nìkan ni tirẹ̀ dára.

Ìjọra wà láàárín dáìsì tí a ń jù níbẹ̀rẹ̀ àti orí tí a ń gbà nílé Àjàlá: méjèèjì ṣáájú ìrìn-àjò, méjèèjì kò ṣeé fi ojú mọ̀, méjèèjì sì ń bá ènìyàn lọ títí dé òpin. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Oríire inú ìwé náà ń dín kù. Ní àwọn ibì kan, ìwé á ní kí akọni dán oríire rẹ̀ wò. Yóò ju dáìsì méjì. Bí àpapọ̀ wọn kò bá ju òǹkà oríire rẹ̀ lọ, ó bọ́. Bí ó bọ́, bí kò bọ́, yóò yọ 1 kúrò nínú òǹkà náà. Ẹni tó bá ń pe oríire rẹ̀ lemọ́lemọ́ yóò ná an tán bí ẹní ń ná owó. Orí tí Yorùbá mọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. A ń bọ orí, a ń ké pè é, a ń bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wa ṣe é, kò sì sí ẹni tó gbà pé ìpè náà ni yóò mú un tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìtumọ̀ ṣíṣe gan-an. Bí atúmọ̀ bá lo oríire, yóò máa sọ fún ọmọ Yorùbá pé orí rẹ̀ ń dín kù nígbàkigbà tó bá ké pè é, èyí tí yóò ṣe àjèjì sí etí rẹ̀. Ó sàn kí ó lo kòńgẹ́. Kòńgẹ́ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ṣe kòńgẹ́ ire lónìí lè má ṣe é lọ́la, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè pé orí ta ni ó bàjẹ́. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fi oríire sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ìṣòro náà lè hàn.

4. Oríta tí kò sí ẹni tí a lè bi

Àwọn òǹkọ̀wé náà mọ̀ pé dáìsì lè ṣe ènìyàn níkà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú wọn pé ọ̀nà òtítọ́ kan wà nínú òkè náà, pé ewu ibẹ̀ kéré, àti pé ẹni tí òǹkà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan pàápàá lè gba ibẹ̀ já. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí. Ó túmọ̀ sí pé orí tí kò dára kò ní kí ènìyàn má dé ibi tó ń lọ, bí ó bá ṣáà mọ ọ̀nà. Yorùbá náà kò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún orí. A máa ń sọ nípa ẹsẹ̀, a máa ń sọ nípa ọwọ́, a sì máa ń sọ nípa ìwà.

Ṣùgbọ́n báwo ni akọni yóò ṣe mọ ọ̀nà náà? Kí a padà sí oríta àkọ́kọ́. Ní ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀ṣọ́ kan tó jọ iwin ń sùn, a ó sì dán oríire wò bóyá yóò jí. Ní ìlà-oòrùn, ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n tì. Kí akọni tó yà, ìwé náà kò fún un ní àmì kankan: kò gbọ́ ìró, kò rí ẹsẹ̀, kò sí òórùn. Ohun tó pè ní yíyàn níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí kí ó ju owó ẹyọ sókè. Ọ̀pọ̀ oríta inú ìwé náà ló rí bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú àwọn ọ̀nà lílọ́ tó ṣáájú ibùgbé Zagor, níbi tí òǹkàwé lè máa yí po títí yóò fi sú u.

Ibi tí èyí ti dunni jù ni ìparí. Lójú ọ̀nà, akọni lè rí kọ́kọ́rọ́ oríṣiríṣi, òǹkà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn òǹkà yìí ni yóò darí rẹ̀ sí ìpínrọ̀ tí yóò ti mọ̀ bóyá àpótí ìṣúra ṣí. Ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ tí kò yẹ dání yóò jìyà rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí kọ́kọ́rọ́ kankan, bí ó tilẹ̀ ti pa Zagor, yóò jókòó lórí àpótí náà, yóò sì sunkún, nítorí ó mọ̀ pé òun ní láti tún gbogbo òkè náà rìn. Ó ti ṣẹ́gun, síbẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ìlẹ̀kùn kan tó fojú fò ní àárọ̀ ìrìn-àjò rẹ̀ ni ó gba ìṣúra lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìwé náà kò sì sọ ìlẹ̀kùn wo ni.

Kí a wá fi Àfùwàpẹ́ wé e. Kí ó tó dé ilé Àjàlá, ó yà sọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà bàbá rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kò dúró dè é. Wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kí ó rúbọ, ó sì mú iyọ̀ àti owó dání lọ. Ní ọ̀nà, ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó bu iyọ̀ sí i fún un. Inú oníbodè dùn, ó sì sọ fún un pé onígbèsè ni Àjàlá, pé àjà ló ń sá pamọ́ sí fún àwọn olówó rẹ̀. Àfùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sì bá a yan orí tó jinná. Iyọ̀ yẹn àti kọ́kọ́rọ́ inú òkè Zagor, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú àhunpọ̀ ìtàn: ohun kékeré tí a gbé níbẹ̀rẹ̀, tí a kò mọ ìwúlò rẹ̀, tó wá di ohun tí gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó ní kí Àfùwàpẹ́ mú iyọ̀. Akọni inú ìwé-ayò kò ní bàbá tí yóò yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

5. Ìka láàárín ewé

Kí ni ọmọ tí kò ní olùdámọ̀ràn máa ń ṣe? Gbogbo ẹni tó bá ti ta ìwé-ayò rí ni yóò rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè yìí. Yóò fi ìka rẹ̀ há ojú ewé tó wà, yóò yẹ ibi tó ń lọ wò, bí ikú bá sì wà níbẹ̀, yóò padà sẹ́yìn bí ẹni pé kò lọ rárá. Èmi a máa fi ìka mẹ́ta há ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà náà, mo gbà pé ìrẹ́jẹ ni. Nísinsìnyí, mo rí i pé ìka yẹn ni ìbéèrè tí kò rí ẹni tí yóò dáhùn. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n tó ṣí i, ìwé náà kò sì fún mi ní ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà tó bófin mu ni kí ènìyàn kú, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà fúnra rẹ̀ gba òǹkàwé níyànjú pé kí ó máa ya àwòrán ọ̀nà bí ó ti ń lọ, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó ní láti wá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó tó yege. Níbí ni àǹfààní irú ìwé yìí wà, kò sì yẹ kí a fojú kéré rẹ̀. Ọmọdé lè ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀ láìfarapa. Ó lè kọ́ sùúrù, ó lè kọ́ bí a ti ń kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì lè rí i pé ẹni tó ṣubú lánàá lè dìde pẹ̀lú ohun tó mọ̀. Akọni tuntun tó wọ òkè náà ní ìgbà karùn-ún kò mọ nǹkan kan. Òǹkàwé tó gbé e lọ́wọ́ ni ó mọ̀. Ìmọ̀ àwọn akọni mẹ́rin tó ti kú ti kó sí orí ènìyàn kan.

Ṣùgbọ́n orí ènìyàn kan náà ni ó mọ sí. Àwọn tó lo ẹ̀dà tèmi ṣáájú mi ti kú nínú òkè náà láìmọye ìgbà, wọ́n mọ ìlẹ̀kùn tó yẹ kí n ṣí. Òǹkà wọn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n sì ti pa á rẹ́.

6. Ifá àti àwọn tó ti kọjá

Ó ti di àṣà láàárín àwọn kan láti sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Ìṣirò wọn tọ̀nà. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dojú bolẹ̀ tàbí kí ó ṣíjú sókè. Nítorí náà, ọ̀nà 256 ni ó lè gbà balẹ̀, èyí sì ni iye odù: ojú odù 16 àti ọmọ odù 240. Ẹni tó bá fẹ́ tún lè fi èyí wé dáìsì àti ìpínrọ̀ 400. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró lórí òǹkà, a ti fi àgbò sílẹ̀, a di okùn rẹ̀ mú. Ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá balẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tó wá dá Ifá kì í sọ ohun tó gbé e wá fún babaláwo. Owó ni ó máa ń sọ ọ́ sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí odù bá yọ, babaláwo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn ẹsẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀. William Bascom, tó ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ ní 1937 àti 1938, tó sì tẹ Ifa Divination jáde ní 1969, tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó wá dá Ifá náà ni ó ń mọ ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Èyí ni pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló ṣí ilé ìmọ̀, ènìyàn ló dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ìwé-ayò, òdìkejì ni: ènìyàn ló yan ìlẹ̀kùn láìmọ ohun tó wà níbẹ̀, dáìsì ló sọ ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí.

Kí sì ni ẹsẹ Ifá? Abímbọ́lá fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 pé ẹsẹ tó pé máa ń ní ìpín mẹ́jọ: orúkọ awo, orúkọ ẹni tí wọ́n dá Ifá fún, ìdí tó fi dá a, ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ayọ̀ tàbí ẹ̀dùn rẹ̀, àti ẹ̀kọ́ tó kádìí rẹ̀. Bí a bá wo ìpín wọ̀nyí dáadáa, àkọsílẹ̀ ẹnì kan tó ti dúró ní oríta rí ni wọ́n. Ó wá, ó béèrè, wọ́n sọ fún un, ó gbọ́ tàbí ó kọ etí ikún, ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀ sì nìyí. Ẹni tó kọ̀ tí kò rúbọ kò parẹ́ nínú Ifá. Ìkọ̀ rẹ̀ gan-an ni ó wúlò fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí rọ́bà pa rẹ́ nínú ẹ̀dà tèmi ni ẹsẹ Ifá dì mú.

Ìbò ni ó sún mọ́ oríta ìwé-ayò jù lọ. Ẹni tó wá dá Ifá yóò di ohun kan mú ní ọwọ́ ọ̀tún, yóò di òmíràn mú ní ọwọ́ òsì, bí àpẹẹrẹ, owó ẹyọ àti egungun, Ifá yóò sì sọ ọwọ́ tó yàn. Ọ̀tún tàbí òsì, gẹ́gẹ́ bí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ti ṣáájú ọwọ́: ṣé ire ni tàbí ibi? Bí ó bá jẹ́ ire, irú ire wo? Bí a ti ń dìbò ni ọ̀rọ̀ ń dín ní ìbú, tí ojú ọ̀nà sì ń mọ́ sí i. Nínú òkè Zagor, oríta tó tẹ̀ lé oríta máa ń fi kún òkùnkùn ni.

7. “O” àti “ẹni tí a dá Ifá yìí fún”

Ohun kan tún kù tí atúmọ̀ kò lè fò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwé-ayò ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ tààrà: o wọ yàrá, o rí àpótí, o kú. Lójú Yorùbá, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá kí a lo “o” tàbí “ẹ”. Ọmọdé ni wọ́n kọ ọ́ fún, nítorí náà “o” ni yóò bá a mu. Bí àgbàlagbà bá mú un kà, yóò dà bí ẹni pé ọmọdé ń pàṣẹ fún un. Fágúnwà, nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, yanjú irú èyí nípa bíbá àwọn òǹkàwé rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ púpọ̀, ó sì jẹ́ kí Àkàrà-Ògùn sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wọn. Òǹkàwé kò sí nínú igbó náà. Ó jókòó láàárín àwọn tó ń gbọ́.

Babaláwo náà kì í sábà sọ pé “o”. Ifá ní kí ẹni tí a dá Ifá yìí fún rúbọ. Ifá ní òun rí ire fún un. Àyè wà láàárín ẹsẹ àti ẹni tó ń gbọ́ ọ, ẹni náà ló sì ní láti la àyè yẹn kọjá, kí ó ní, “Èmi ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.” “O” inú ìwé-ayò ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe fún òǹkàwé. Kò ní láti dá ara rẹ̀ mọ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé òun ni. Mo rò pé ìdí kan nìyí tí ọmọdé fi ń fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí àgbàlagbà tó bá tún un kà sì fi máa ń rí i pé akọni náà kò ní orúkọ, kò ní ìyá, kò ní ìlú.

8. Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ìwé-ayò àti Ifá jọ mọ̀ nípa orí tó ṣáájú ìrìn-àjò, nípa oríta, àti nípa ohun kékeré tó ń di ńlá. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni ìmọ̀. Ìwé-ayò gbà pé ikú tìrẹ ni yóò kọ́ ọ. Ifá gbà pé ikú kan ṣoṣo ni ìwọ yóò kú, nítorí náà ti ẹlòmíràn ni kí ó kọ́ ọ.

Èyí ní ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ kọ ìwé-ayò ní èdè Yorùbá, yálà lórí ìwé tàbí lórí kọ̀ǹpútà. Kò tó kí a yọ Zagor kúrò, kí a fi iwin rọ́pò rẹ̀, kí a sì sọ òkè náà di Òkè Làǹgbòdó. Àwọn ọdẹ Fágúnwà tó lọ sí òkè yẹn kò bá àpótí níbẹ̀. Ìrágbèje ni wọ́n bá, ọjọ́ méje gbáko ni ó sì fi gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ìwé-ayò tí yóò jẹ́ ti Yorùbá ní tòótọ́ yóò ní ibi tí a lè yà sí. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, òǹkàwé yóò lè béèrè ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá rí, ohun tí wọ́n sọ fún un, àti bóyá ó gbọ́. Yóò ṣì lè kọ̀. Bí ó bá kọ̀ tí ó sì ṣubú, ìṣubú rẹ̀ yóò wọ inú ìwé náà fún ẹni tó kàn.

Ẹ̀dà tí mo kà ní ọmọdé kò sí mọ́. Èyí tí mo rà láti tún un kà mọ́ tónítóní, ojú ewé òǹkà rẹ̀ ṣófo. Nígbà tí mo kú nínú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, n kò wá rọ́bà. Mo kọ ìlẹ̀kùn tó pa mí sí ẹ̀gbẹ́ ewé, mo fi bírò kọ ọ́, kí ẹni tó bá gbà á lẹ́yìn mi lè rí i.